Owó Ta Ni Efe àti Oboz Ń Ná?

Láti ìgbà tí Netflix ti gbé eré Kẹ́mi Adétiba, To Kill a Monkey, jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2025, àríyànjiyàn lórí bó ṣe parí kò tán ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ní àwọn ìsọ̀ atẹ̀wé Ṣómólú, àwọn ọmọkùnrin tó ń ka bébà ń pariwo borí ẹ̀rọ: aláìmoore ni Efe, olú ẹ̀dá ìtàn eré náà; Oboz, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló yọ ọ́ nínú ìṣẹ́, Efe sì dalẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi ń dùn wọ́n. Yorùbá kórìíra ọ̀dàlẹ̀, ebi kò sì ṣàjèjì sí àwọn ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Efe àti Oboz fi kó owó tí wọ́n ń ná jọ. Apá 8 ni eré yìí ní, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárò àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Mo Ogunlesi, tí Bímbọ́ Akíntọ́lá ṣe, tó ń wá àwọn oníjìbìtì náà kiri pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́kàn, kò rí ẹni gbè é. Ìmoore dára, àmọ́ kò lè sọ olè jíjà di iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń wo irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ẹ bi wọ́n pé: owó ta ni àwọn inú eré yẹn ń ná?