Ọ̀kadà Nínú Òjò: Òfin Ń Wo Akoto, Kò Wo Táyà

Ọdún gorí ọdún ni àwọn aláṣẹ ilẹ̀ yìí ń ṣe òfin lórí ọ̀kadà. Ìjọba lé e kúrò ní ìgboro Àbújá ní 2006. Kano fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ ní 2013. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ti ń dín ọ̀nà rẹ̀ kù láti 2012, lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà, 2022. Ṣáájú ìyẹn ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 2009, ẹnikẹ́ni tí yóò bá gun alùpùpù gbọ́dọ̀ dé akoto. Ní Kano nígbà náà, àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá dé orí kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Òfin ti wo akoto, ó ti wo nọ́ńbà, ó ti wo ìwé àṣẹ àti ọ̀nà tí ọ̀kadà lè gbà. Ohun tí ó so ọ̀kadà mọ́ ilẹ̀, èyí tí í ṣe táyà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ni a kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wọn ti rò lọ. Oníṣòwò tí ó fi Minna, Makurdi tàbí Lafia ṣe ilé kì í rí mọ́tò wọ̀ dé gbogbo ọjà oko tí ó ń ná. Ọ̀kadà, tí àwọn Hausa ń pè ní achaba, ni ó ń gbé e débẹ̀ tòun ti ẹrù. Ọmọ iléèwé ń gùn ún. Aboyún ń gùn ún lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì yọ̀ lójijì, èrò kò ní ohun tí yóò dì mú bí kò ṣe aṣọ ẹni tí ó gbé e.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọlọ́kadà tí ó yẹ kí a tú wò. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a tẹ ẹnu fáàfù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a jáde, wọn a ní kí táyà lè di ilẹ̀ mú ni. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó fa èyí. Ẹni tí ó bá ti gun alùpùpù nínú iyanrìn mọ̀ pé táyà tí ó rọ̀ a máa tẹ́, kì í rì bí èyí tí ó le. Ọgbọ́n inú iyanrìn ni wọ́n gbé wá sí orí títì ọlọ́dà, iyanrìn àti ọ̀dà tí omi bò kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Ibi tí táyà ọ̀kadà gbé fi ara kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Méjì irú rẹ̀ péré ni ó gbé awakọ̀, èrò àti àpò ẹ̀wà. Àwọn ọnà tí ó wà lára táyà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ojú àgbàrá ni wọ́n. Bí táyà ti ń yí ni ó ń tẹ omi sínú wọn, kí rọ́bà lè kan ọ̀dà gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, àárín táyà a wọ inú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni yóò máa ru ẹrù, ojú àgbàrá wọ̀nyí a fún pọ̀, omi kò sì ní rí ibi lọ. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ àjọ NASA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí táyà ọkọ̀ òfuurufú, fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni eré tí omi fi lè gbé e kúrò nílẹ̀ ṣe ń dín kù. Nínú ìṣirò wọn, táyà tí géèjì rẹ̀ jẹ́ 25 yóò sáré tó bíi kìlómítà 83 ní wákàtí kan kí omi tó gbé e. Bí ó bá jẹ́ 16, kìlómítà 66 ti tó. Òótọ́ ni pé táyà ọ̀kadà rí roboto, ó sì máa ń la omi bí ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà kò yẹ kí a gba iye wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n fún un. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ forí lé kò yí padà. Ẹni tí ó yọ afẹ́fẹ́ nítorí òjò, omi ni ó ń pè wọ abẹ́ táyà rẹ̀.

Òdì-kejì rẹ̀ náà kò sàn. Àwọn mìíràn a fẹ́ táyà títí yóò fi le bí òkúta, nítorí ẹrù. Irú táyà bẹ́ẹ̀ a máa fi àárín nìkan kan ilẹ̀, a máa tọ sókè bí ó bá já sí kòtò, àárín rẹ̀ a sì tètè jẹ tán. Táyà tí àárín rẹ̀ ti dán kò ní ojú àgbàrá kankan mọ́ nígbà tí òjò bá dé.

Fún púpọ̀ nínú àwọn ọ̀kadà kékeré tí ó ń wá láti Íńdíà, ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe é fi lélẹ̀ kò jìnnà sí 25 fún táyà iwájú; 28 fún ti ẹ̀yìn bí awakọ̀ bá dá wà, 32 bí ó bá gbé èrò. Ìwé tí ó bá ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan wá ni ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òwúrọ̀, kí táyà tó rìn, ni a ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé ìrìn a máa mú un gbóná, ooru a sì gbé géèjì sókè; ẹni tí ó bá yọ afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán nítorí pé géèjì ga yóò bá a ní rírọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn fọkanáísà kan kì í tilẹ̀ lo géèjì. Wọn a fi àtàǹpàkò tẹ táyà, wọn a ní ó ti tó. Àtàǹpàkò kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 20 àti 28. Ní ti àwọn tí ó ń gbé èrò mẹ́ta àti ọmọ ọwọ́ kan, kò sí géèjì tí ó wà fún wọn.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà ní ilẹ̀ yìí. Iléeṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop sì dá iṣẹ́ táyà dúró ní Ìkẹjà ní ìparí 2008. Láti ìgbà náà ni ọjà ti gbára lé èyí tí ó ń ti òkè òkun wá, iye owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là gòkè. Ẹni tí ó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ olówó, tí ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó ní alaalẹ́, yóò lo táyà títí okùn inú rẹ̀ yóò fi yọjú. Òfin tí ó lé e kúrò ní ìgboro kò fún un ní táyà; ọ̀nà oko, níbi tí ẹ̀ṣọ́ kò sí, ni ó gbé e lọ.

Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kò wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ìjọba ìbílẹ̀ náà ń gba tirẹ̀. Kò sí ìdí tí géèjì kan tí ó péye kò fi lè wà ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú owó yìí, kí alága ibùdókọ̀ máa wo táyà kí ó tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni ní òwúrọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ó bá dá ọ̀kadà dúró nítorí akoto lè wo táyà níbẹ̀ kan náà. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, èrò fúnra rẹ̀ ní ojú. Oníṣòwò tí ó bá rí i pé táyà ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ó ti gbé ẹrù lé e lè sọ pé òun kò gùn ún. Òjò àkọ́rọ̀ ni kí ó ṣọ́ra fún jù. Epo tí ó ti ń kán sí títì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ra. Bí omi díẹ̀ bá kàn wọ́n, wọn a yọ̀ bí ọṣẹ, títí òjò yóò fi pọ̀ tó láti fọ títì mọ́. Ọ̀kadà tí ó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń lọ ìwọ̀n mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí dídì-mú ilẹ̀ bá dín sí ìdajì, ìlọ́po méjì ni ọ̀nà tí yóò rìn lẹ́yìn bíréèkì kí ó tó dúró. Lábẹ́ àtíbàbà ọjà, ààbọ̀ wákàtí lè tó kí títì fi mọ́.