Bí A Bá Fẹ́ Sọ Ìwé Di Eré

Ẹni tí ó bá mú ìwé ìtàn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, tí ó sọ ọ́ di eré orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ńlá ni ó dáwọ́ lé. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé bí orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé, odò wọn àti òkè wọn bá ti pé sínú eré, ìwé ti wọ inú eré nìyẹn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn eré kan tí a fi ìwé J. R. R. Tolkien ṣe ni ó mú kí a sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan ilé Yorùbá gan-an, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i bí a ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú eré tí à ń wí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè má tí ì rí i rí. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Michael Toy àti Glenn Wichman, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California, ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Rogue. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Àmì @ ni ó dúró fún ẹni tí ń ṣe eré náà. Lẹ́tà ńlá, A títí dé Z, ni ó dúró fún àwọn ẹranko àti ẹbọra. Ìlà ọ̀rọ̀ kan lókè ni ó sì ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń la ọ̀nà inú àjà ilẹ̀ náà lákọ̀tun nígbàkígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè há a sórí. Bí ènìyàn bá sì kú nínú rẹ̀, ó kú pátápátá. Kò sí pé a ń padà sí ibi tí a dé lánàá. Àwọn eré tí ó tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí ni a ń pè ní roguelike títí di òní.

Kò pẹ́ tí Tolkien fi wọ inú wọn. Robert Alan Koeneke, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Oklahoma, ṣe Moria, tí ó jáde ní 1983. Ibi ìwakùsà àwọn aràrá nínú ìwé Tolkien ni ó fi orúkọ yìí pè é, Balrog, ẹbọra oníná, sì ni ẹni tí a gbọ́dọ̀ wá lọ sí ìsàlẹ̀ kí a pa. Ní 1990, Alex Cutler àti Andy Astrand ní Yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ eré náà lójú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Angband, orúkọ odi agbára Morgoth, olórí àwọn aṣebi ìgbà ìwáṣẹ̀ nínú ìtàn Tolkien. Ní ìpele 99 ni Sauron wà. Morgoth fúnra rẹ̀ wà ní ìpele 100, ẹsẹ̀ bàtà 5,000 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Pa àwọn méjèèjì, o borí.

Eré tí ó dára ni, a kò ní kó iyán rẹ̀ kéré. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 2019 wọ́n tún àkójọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣe kí ó lè sún mọ́ ìwé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn náà. Nínú ìwé, kò sí akọni kan tí ó fi idà pa Morgoth. Fingolfin ọba gbìyànjú rẹ̀: ó ṣá a lọ́gbẹ́ nígbà méje, ó sì kú sí i. Ní ti Sauron, àwọn ẹni kúkurú méjì tí kì í ṣe ológun ni wọ́n gbé òrùka rẹ̀ lọ sí ibi iná, nígbà tí àwọn alágbára ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan òrùka náà kí ó má baà sọ àwọn pàápàá di aṣebi. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú ìwé Tolkien, kí ni ó kù? Eré Angband ń sọ òdìkejì rẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe é: pa, kó ẹrù, lágbára sí i, kí o sì pa èyí tí ó tóbi jù. Orúkọ pé, ṣùgbọ́n ìtàn ti dojú rú.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe é kò ka ìwé. Wọ́n kà á dáadáa. Àkàbà ni ó ti wà nílẹ̀ kí ìwé tó dé, wọ́n sì to àwọn ará inú ìwé sórí rẹ̀, ẹni tí ó kéré jù sókè, ẹni tí ó burú jù sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni eré Zangband, tí a yọ láti ara Angband, tí ó mú àwọn ìwé Amber tí Roger Zelazny kọ wọlé. Oberon ni a bá ní ìpele 99 níbẹ̀. Ejò Rúdurùdu sì gba ìpele 100. Oberon yìí ni ọba tí ó bí àwọn akọni inú ìwé náà! Ó di ẹni tí à ń pa nítorí pé àyè Sauron ṣófo, ó sì di dandan kí ẹnìkan jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní ṣàì mọ irú rẹ̀: a pààrọ̀ ẹni tí ó wà lórí àga, iṣẹ́ tí àga ń ṣe kò yí padà.

Ọ̀ràn oníǹkan tún wà níbẹ̀. Eré mìíràn láti ìdílé kan náà, PernAngband, gba ayé tí Anne McCaffrey dá nínú àwọn ìwé Pern rẹ̀. Obìnrin náà kò fẹ́ ẹ, ẹni tí ó ṣe eré náà sì níláti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó kó lọ sínú ayé Tolkien. Níkẹyìn ó fi ìyẹn náà sílẹ̀, ó dá ayé ti ara rẹ̀, tí í ṣe Tales of Maj'Eyal, tí ó parí ní 2012. Ìwọ̀n ìgbà tí eré kan lè ṣí láti ayé kan sí òmíràn kí ó sì wà láàyè, ìyẹn fúnra rẹ̀ fi hàn bí ìwé ṣe kàn án tó.

Ní ọdún 2012 kan náà ni Sil jáde, èyí tí àwa gbà pé ó gbọ́ ìwé yé. Odi Morgoth náà ni, ṣùgbọ́n ìpele 20 péré, a kò sì rán ọ láti pa á. Òkúta iyebíye kan lára adé rẹ̀ ni kí o yọ, kí o sì sá jáde láàyè, gẹ́gẹ́ bí Beren àti Lúthien ti ṣe nígbà tí Lúthien fi orin kun Morgoth lóorun. Nítorí náà, orin kíkọ jẹ́ agbára tí à ń kọ́ nínú eré náà bí a ti ń kọ́ idà jíjù, yíyọ́ rìn sì níye lórí. Ènìyàn a máa jèrè ìmọ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀dá kan, ì báà má pa á. Bí ó bá sì ń pa irú ẹ̀dá kan náà léraléra, èrè rẹ̀ ń dínkù. Àkàbà ni wọ́n kọ́kọ́ tún kàn níhìn-ín kí wọ́n tó gbé ìwé lé e.

Kí ni ó kan ilé Yorùbá? Àwa náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ní 1938 títí dé *Àdììtú Olódùmarè* ní 1961, olóògbé D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, fi ìtàn márùn-ún sílẹ̀ fún wa, igbó inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé fún irú eré yìí ni a ṣe dá a. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe é lọ́la, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ti Angband: kí ó fi Àgbákò sí ìpele 50, kí ó sì fún ọdẹ ní ìbọn. Níbo ni yóò wá fi Ìrágbèje sí? A kò lè pa á, kò sì ta ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Lángbòdó jókòó nílé olójúlé méje kí ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ń kọ́? Nínú eré pípa àti kíkó, akọrin kò wúlò. Nínú irú eré bíi Sil, òun gan-an ni ọ̀pá ìtìlẹ́yìn.

Òfin ikú pátápátá pàápàá bá ìwé náà mu ju bí a ti rò lọ. Ohun tí ó mú kí a rí ìtàn Àkàrà-ògùn kà ni pé ó padà bọ̀, ó sì rò ó fún ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Rogue àkọ́kọ́ ti mọ èyí, nítorí ẹni tí ó bá rí oògùn tí a rán an wá ní ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e padà gòkè. Ọdẹ tí ó bá kú sínú igbó kò ní ìtàn.

Èyí tí ó wù wá jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìlà ọ̀rọ̀ tí a mẹ́nu bà lókè. Ẹni tí kò bá lè kàwé kò lè ṣe irú eré yìí. Bí ìlà náà bá jẹ́ Yorùbá, tí àmì ohùn rẹ̀ sì pé, ọmọ tí ẹbọra ń lé yóò yára mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀kọ̀ tí à ń sọ, ọkọ́ tí à ń fi roko àti ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Àwa tí a ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ bí ó ti pẹ́ tó kí ẹgba tó kọ́ni ní ìyẹn. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà, ẹ ní àyè tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; a níláti gbé àmì ka orí lẹ́tà ni. Àwọn eré wọ̀nyí sì pín ojú kọ̀ǹpútà sí àpótí kéékèèké, lẹ́tà kan sí àpótí kan, tó bẹ́ẹ̀ tí àmì ohùn lè gba àpótí ọ̀tọ̀ kí ó sì já ọ̀rọ̀ sí méjì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe, bí a bá rántí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fágúnwà kú ní 1963. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ náà yóò wà lọ́wọ́ àwọn tí ó jogún rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún ikú rẹ̀, èyíinì ni títí òpin 2033. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe eré náà gbọ́dọ̀ lọ bá wọn, kí wọ́n jùmọ̀ ṣàdéhùn bí ó ti yẹ ọmọlúwàbí. A fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń kéde àṣà nígbà ìbò wá owó sílẹ̀ fún un nísinsìnyí, kí wọ́n sì fi àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá sínú ìgbìmọ̀ tí yóò wo ohun tí eré náà ń rán ọmọ wa láti ṣe. Nígbà tí 2034 bá dé, ẹnikẹ́ni nínú orílẹ̀-èdè yìí lè fi Àgbákò sí ìpele tí ó bá wù ú, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni.