Ọ̀rọ̀ Òjé Kì í Ṣe Ti Onísáyẹ́ǹsì Nìkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí ó mú mi pa òwe yìí ni àríyànjiyàn kan tí ó wáyé láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní sáà tí ó kọjá. Mo dábàá pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ àti ti ìwakùsà nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dìde, ó ní kí ni ó kan akéwì àti onítàn nínú ọ̀rọ̀ èéfín àti májèlé. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Èsì tí n kò rí fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Òjé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹlẹgbẹ́ mi bá rò pé ohun àjèjì ni, kí ó lọ wo ọrùn ọwọ́ àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ òjé. Wọ́n mọ̀ pé ó wúwo, pé ó rọ̀, pé kò pẹ́ nínú iná tí ó fi ń yọ́. Ohun tí wọn kò ní ìdí láti mọ̀ ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí ó bá di ekuru, tí ọmọdé sì fa ekuru náà símú, tàbí tí ó fi ọwọ́ tí ó fi ṣeré nílẹ̀ mú oúnjẹ sẹ́nu. Ẹ̀gbà òjé lọ́wọ́ àgbàlagbà ọ̀tọ̀, ekuru òjé nínú ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ní Lugbe ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ẹ̀bá títì tí ó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ra ìnfátà, tí àwọn mìíràn sì ń fi oòrùn gba iná, bátìrì ńláńlá sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bátìrì a máa kú. Nígbà tí ó bá kú, ọ̀dọ́kùnrin kan ni yóò ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì ké pé òun ń ra irin, òun ń ra bátìrì. Bàbán bólà ni àwọn ará Àbújá ń pe irú wọn.

Ní ọdún tí ó kọjá, bátìrì kan kú nílé wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ní kí n tà á. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e sórí ìwọ̀n, ó dojú rẹ̀ dé sí gọ́tà, ó sì da gbogbo omi inú rẹ̀ nù, nítorí pé òjé ni ó fẹ́ sanwó fún, kò fẹ́ sanwó omi. Omi náà hó lórí símẹ́ǹtì. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, koríko tí ó wà létí gọ́tà náà ti gbẹ. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo dúró tì í, mo gba owó náà, mo kà á, mo sì wọlé lọ.

Níbo ni bátìrì náà gbà lọ? Òmíràn a máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi àáké fọ́ ọ lórí ilẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ a máa bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn oníròyìn gbé ìwádìí kan jáde nípa ìlú náà. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn tí ń gbé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fún àyẹ̀wò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ibi tí ó lè ṣe ìpalára. Kò sí òṣìṣẹ́ kan nínú wọn tí ó bọ́. Ó ju ìdajì àwọn ọmọdé tí wọ́n yẹ̀ wò lọ tí ọpọlọ wọn wà nínú ewu títí ọjọ́ ayé. Ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa lẹ́yìn náà. Òjé tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ a sì máa lọ sókè òkun, títí dé Amẹ́ríkà, láti di bátìrì ọkọ̀ tuntun. Òjé lọ, ekuru rẹ̀ kò lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé Ògìjo jìnnà sí Àbújá. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí òkè ọya. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọ kéékèèké ń kú lákùúkútan ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Giri ni ó ń gbé wọn. Àwọn òbí rò pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òjé ni. Owó góòlù ti gòkè lọ́jà, àwọn ọkùnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e wálé. Wọn kò mọ̀ pé òjé púpọ̀ wà nínú òkúta kan náà. Àwọn ìyá ń fọ́ ọ nínú agbo ilé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nínú omi tí ẹran ń mu. Ọmọ tí ń rá lórí ilẹ̀ náà ń fọwọ́ sẹ́nu. Ó kéré tán, 400 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó kú.

Ibi tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti abúlé Bagega. Oògùn tí ń fa òjé jáde lára wà, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ bí ọmọ bá gba oògùn tán tí ó sì padà sórí ilẹ̀ kan náà? Ó di dandan kí a kọ́kọ́ ha ilẹ̀ agbo ilé, kí a kó erùpẹ̀ náà lọ bò mọ́lẹ̀, kí a sì kó erùpẹ̀ tuntun dípò rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní Dareta, wọ́n ṣe é ní Yargalma. Bagega ń retí owó ìjọba. Ọdún 2013 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún kan nígbà tí wọ́n mọ àrùn náà ti di ọmọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó há erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ní agbègbè Shikira ní ìpínlẹ̀ Niger tí ó bá Àbújá pààlà, irú ọ̀ràn yìí kan náà tún pa ọmọ 28.

Wàyí o, kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Bí òjé bá wọ ara, yóò lọ jókòó sínú egungun, a sì máa wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara ọmọdé a máa gba á ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń pani. Èyí tí kò pa, a máa sọ ọ́ di ẹni tí kò lè fọkàn sí iṣẹ́, tí kì í rántí ohun tí a kọ́ ọ lánàá, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ǹjẹ́ ẹ kò mọ ọmọ náà? Èmi mọ̀ ọ́n. Ó wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi lọ ní Lugbe. Ó kàwé álífábẹ́ẹ̀tì fún mi lọ́jọ́ Ajé, ó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Olódo ni a ń pè é. N kò sọ pé òjé ni ó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mò ń bi ẹlẹgbẹ́ mi ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé òjé ni, pàṣán wo ni yóò nà án jáde lára rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ojútùú rẹ̀ ni kí a lé àwọn bàbán bólà kúrò nílùú. N kò fara mọ́ èyí rárá. Ọ̀dọ́kùnrin tí ń ti ọmọlanke kọ́ ni ó ṣe bátìrì, òun kọ́ ni ó kó o wọ̀lú, òun kọ́ ni ó jèrè rẹ̀ jù. Òun gan-an ni òjé ń kọ́kọ́ bá jà. Àwọn mìíràn ní bí a bá ń yọ àwọn onílé-iṣẹ́ lẹ́nu, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ebi yóò sì pa wọ́n. Ta ni ó ní kí iṣẹ́ dáwọ́ dúró? Òjé inú bátìrì kì í ṣe ohun àdànù. A lè yọ́ ọ lónìí, kí a tún un yọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i, òjé náà ni yóò máa jẹ́. Bí a bá fọ́ ọ nínú ilé tí a sé, tí a gba omi rẹ̀ sínú àgbá, tí a sì fi asẹ́ sẹ́nu ihò èéfín, iṣẹ́ náà yóò wà, ekuru kò ní í wà. Owó ni ó ń ná ni. Owó tí onílé-iṣẹ́ kọ̀ láti ná ni àwọn ọmọ Ògìjo ń fi ọpọlọ wọn san.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ti sọ̀rọ̀ nípa owó tí awakùsà yóò yà sọ́tọ̀ láti tún ilẹ̀ ṣe. Ọdún kan náà ni a dá àjọ NESREA sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, ìlànà kan jáde nípa bátìrì tí ó di ẹrù ìgbàpadà ru àwọn tí ń ṣe é àti àwọn tí ń kó o wọ̀lú. Ẹ wá bi mí bóyá mo ti rí ẹni tí ó wá gba bátìrì padà ní àdúgbò wa rí.

Kí ẹlẹgbẹ́ mi má sì ṣe rò pé ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kò tó nǹkan. Ní ọdún 1988, nígbà tí àwọn oníṣòwò láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé wá sí Koko, ní ibi tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ Delta báyìí, tí wọ́n sì ń san nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù fún ẹni tí ó yá wọn ní àgbàlá rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni wọ́n kọ̀wé sílé, tí àṣírí fi tú. Ìjọba kó ẹ̀gbin náà padà, òfin tí ó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn ńlá sì jáde lọ́dún náà. Ní Kenya, ìyá ọlọ́mọ kan, Phyllis Omido, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé bátìrì ní Owino Uhuru, rí i pé òjé ti wọ ara ọmọ òun, ó sì kó àwọn ará àdúgbò jọ. Ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ dá owó gbà-má-bínú bílíọ̀nù 1.3 ṣílè Kenya fún wọn. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2024. Kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì.

Bátìrì kejì nílé wa ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́mọlanke a máa kọjá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sì máa béèrè rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ta ni yóò wá gbé e?" Mo ti lọ bá ẹni tí ó tà á fún wa. Ó ní títà ni tòun.