Epo Inú Èso Lápálàpá: Ṣé Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Sí I?

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ọ̀rọ̀ epo jẹnẹrétọ̀ kì í wọ́n nínú ìpàdé wa ní Ovwian. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan nígbà náà ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Ilé ìfọpo Warri tó wà ní Ekpan, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, wọ́n ní ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní December 2024; kí January tó tẹ̀lé e tó tán, ó ti tún dákẹ́. Ẹni tó bá wá sọ pé epo wà nínú èso tí èèyàn kì í jẹ, a ó dẹtí sí i.

Òótọ́ sì ni. Lápálàpá táwọn bàbá wa fi ń ṣọgbà, lárà, èso rọ́bà, gbogbo wọn ló lóróró. Àwọn onímọ̀ á lọ èso náà, wọ́n á dé e mọ́ inú ìkòkò irin tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, wọ́n á koná mọ́ ọn títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 500 dígírì. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́, kò ní jó, ńṣe ló máa di oru. Wọ́n á darí oru yẹn gba inú ohun kan tó dà bí èérún amọ̀, zeolite ni wọ́n ń pè é, kó lè yọ ohun tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kúrò. Tó bá tutù, ó di epo.

Ará Warri á ní, "Ṣebí kpofire náà nìyẹn?" Ó jọ ọ́, àmọ́ epo rọ̀bì ni kpofire ń sè. Epo inú èso ní omi àti ásíìdì nínú, zeolite náà sì ń yára dọ̀tí. Kí ẹnikẹ́ni má gbé dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé o! Ẹ rántí Ohaji-Egbema ní April 2022, èèyàn tó lé ní 100 ló kú níbi tí wọ́n ti ń se epo.

Èso gan-an ni wàhálà. Ní 2007, BP bá D1 Oils dòwò pọ̀ láti gbin lápálàpá. Ní 2009, BP fà sẹ́yìn. Ọdún 2007 yẹn náà ni ìjọba wa gbé ìlànà jáde pé ká po òróró irúgbìn mọ́ díísù, ìdá 20 nínú 100. A ò tíì rí i ní ilé epo kankan ládùúgbò wa. Lápálàpá ń hù lórí ilẹ̀ tí kò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í so dáadáa níbẹ̀. Tí hẹ́kítà kan bá fún wa ní tọ́ọ̀nù èso kan lọ́dún, òróró tí a máa fún nínú rẹ̀ lè má ju 300 lítà lọ. Ìyá tó ń ta ẹja inú fíríísà, tó ń jó lítà márùn-ún lójúmọ́, oṣù méjì ló máa fi lò ó tán. Ta ló ní hẹ́kítà mẹ́fà ní Udu nínú àwa tí à ń sanwó ilé?

Rọ́bà ló yàtọ̀ díẹ̀. Igi rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Sapele àti lọ́nà Benin, oje rẹ̀ ni wọ́n ń tà, ọ̀pọ̀ èso rẹ̀ kàn ń jẹrà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí rọ́bà tìjọba àpapọ̀ wà ní Iyanomo. Owó ìṣà àti owó mọ́tò ló máa sọ bóyá èrè wà níbẹ̀.

Ní tiwa, owó ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ wọ oko lápálàpá. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù wá sípàdé, ẹ bi í: ta ni yóò ṣa èso, èló ni kílò kan, níbo la ti lè fojú rí ẹ̀rọ náà, ta ló ti fọwọ́ síwèé pé òun á ra epo rẹ̀? Tó bá jẹ́ èso rọ́bà ló mú wá, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó sọ̀rọ̀.