Kí Ni Ẹni Tó Gba Ológbò Yóò Ṣe Ní Alẹ́ Òní?

Àwọn ọ̀dọ́ wa púpọ̀ ló ń ṣe ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí. Ẹlòmíràn ń kọ́ni ní aṣọ rírán, ẹlòmíràn ń kọ́ni bí a ti ń yan búrẹ́dì, ẹlòmíràn sì ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ń sanwó fún tí wọn kì í kà á parí, kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ̀bi nígbà gbogbo.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹranko gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ológbò ni. Apá kìíní sọ ibi tí ológbò ti ṣẹ̀ wá, apá kejì sọ oríṣiríṣi ológbò tó wà láyé, apá kẹta sọ ti egungun àti ẹ̀yà ara. Ó di apá kẹjọ kí a tó gbọ́ ohun tó lè pa ẹran náà! Mo bi í pé, “Ọmọ mi, ẹni tó gbé ọmọ ológbò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ni yóò ṣe kó tó lọ sùn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kó wá ibi tí yóò máa yàgbẹ́ sí fún un ni.” Mo ní ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1998, àwọn olùkọ́ méjì ní Amẹ́ríkà, Grant Wiggins àti Jay McTighe, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí: kí ó kọ́kọ́ pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe, lẹ́yìn náà ohun tí yóò fi mọ̀ pé ó lè ṣe é, kí ó tó wá ronú ohun tí yóò kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é ní òdìkejì. Ohun tí àwa mọ̀ ni a kọ́kọ́ ń dà sílẹ̀.

Bí a bá gba ìmọ̀ràn yẹn, alẹ́ àkọ́kọ́ rọrùn láti kọ́: yàrá kan tó dákẹ́, omi nínú àwo, abọ́ iyanrìn tó jìnnà sí oúnjẹ, kí a sì jẹ́ kí ẹran náà sá pamọ́ bí ó bá fẹ́. Kí aláboyún má ṣe kó ìgbẹ́ inú iyanrìn náà, nítorí àrùn kan wà níbẹ̀ tó lè ṣe oyún ní jàǹbá. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí a gbé e lọ bá dókítà fún oògùn aràn, kí a sì béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti dìgbòlugi, bí ó bá ti pé nǹkan bí oṣù 3 ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. Kí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ilé wa gba ológbò? Èkúté ni. Ilé kan náà tó ń wá ológbò ló ti fi oògùn èkúté sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè kú pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ tí a bá ṣe fún ilé wa kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni paracetamol, tí à ń lò fún gbogbo nǹkan. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti yí i padà bíi tiwa. Hóró kan ṣoṣo lè pa odindi ológbò.

A kò gbọdọ̀ kàn sọ ọ́ lásán pẹ̀lú. Ẹ fi ṣe ìbéèrè: “Ológbò rẹ kò jẹun láti àná, ara rẹ̀ sì gbóná. Ilé dókítà jìnnà. Ṣé wàá fún un ní ìlàjì paracetamol, ṣé wàá dúró di ọjọ́ 3, tàbí wàá pe dókítà?” Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní tòótọ́ ni kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà jẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí tí kò fi tọ̀nà lójú ẹsẹ̀. Roediger àti Karpicke fi hàn ní ọdún 2006 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n kà mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó ń tún un kà lọ. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn tó ń tún un kà ló dà bí ẹni mọ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti ń tan olùkọ́ jẹ.

Ní ti fídíò, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014 lórí àwọn ẹ̀kọ́ edX rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà wò ó ju ìṣẹ́jú 6 lọ, bó ti wù kí fídíò gùn tó. Dátà sì wọ́n. Àwòrán kan àti ohùn ní èdè Yorùbá lórí WhatsApp tó fún púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé òkèèrè kò ní sọ fún yín. Ìyá ọkọ tàbí aládùúgbò lè ní àjẹ́ ni ológbò. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣàlàyé pé awọ kan ló wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló ń mú kí ojú rẹ̀ máa tàn lóru. Igbe bíi ti ọmọ ọwọ́ yẹn sì ni ti akọ àti abo tó ń wá ara wọn. Àwọn ọmọdé ní tiwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ológbò bá bù wọ́n jẹ tàbí ya wọ́n lára, kí wọ́n sọ fún àgbà kíákíá. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ fún ẹnì kan tí kò sin ológbò rí. Ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó bá ti dúró sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí ológbò wọn gba abẹ́rẹ́, àti ibi tí wọ́n kó oògùn èkúté ilé wọn sí.