Lẹ́tà gbangba sí Ọ̀gá Àgbà LASPARK: Ẹ jẹ́ kí ọmọ àti ajá pín ọgbà lò

Sí Ọ̀gá Àgbà LASPARK, ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí ọmọ, ó sì kan àlàáfíà àdúgbò. Àwọn òbí ń wá ibi tí ọmọ wọn yóò ti sáré láìfòyà. Àwọn tó ń sin ajá náà ń wá ibi tí wọn yóò ti mú un rìn, kó lè na ẹsẹ̀. Ọgbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ṣe lé ìkankan nínú wọn. Ẹ pín àyè, ẹ pín àkókò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ajá ru ẹrù tó kù.

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkó kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36 tó wà ní Nàìjíríà, tiwa ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù: 3,577 kìlómítà níbùú lóòró ni gbogbo rẹ̀, omi sì gba apá kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èrò tó ń gbé níbẹ̀ ju ti odindi orílẹ̀-èdè Tógò lọ. Ẹni tó bá ní kí ìjọba kọ́ ọgbà ọ̀tọ̀ fún ajá ní gbogbo àdúgbò kò wo ilé kó tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ̀nba ọgbà tí a ní yìí la jọ máa lò.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún láyé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá kó o, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn náà bù jẹ ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọdé a máa sáré, ajá a sì máa lé ohun tó bá ń sáré. Ojú ọmọ ọdún mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹnu ajá ńlá lọ. Bí àmì dìgbòlugi bá sì ti hàn lára èèyàn, agbára káká ni yóò fi yè é. Aràn tún ń bẹ nínú ìgbẹ́ ajá. Ẹyin rẹ̀ á wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó lè ran èèyàn, á sì pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbẹ́ tí òjò ti wọ́ lọ, tí ojú kò rí mọ́, lè ti fi aràn sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń fọwọ́ wa yẹ̀pẹ̀, kó tó ti ìka bọ ẹnu.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú fòfin de ajá? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn mi ni pé òfin tó lé ajá kúrò ní ọgbà kò lé e kúrò ní àdúgbò. Ajá ń ṣọ́ ilé ní Ìkòyí, ó sì ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Àgége. A kò lè ní olówó nìkan ló ń sìn ín. Èyí tí kò bá ráyè nínú ọgbà, ojú títì ni wọn yóò mú un gbà, láàárín ọ̀kadà àti ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀. Èyí tí wọn kò bá mú jáde rárá yóò wà lórí ìso látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní mojú àlejò, ọjọ́ tó bá sì já, gbogbo èèyàn lọ̀tá rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń ká dìgbòlugi lọ́wọ́ kò. Bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rọ́nà ràn mọ́. Ẹnu ọ̀nà ọgbà yín lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wa: ajá tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ ọdún yìí kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó fẹ́ gbádùn ọgbà yóò wá oníṣègùn ẹranko lọ. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ gbogbo ajá, àǹfààní yẹn bọ́ nìyẹn.

Àwọn ìlú tí èrò kún bíi tiwa ti dán ìpín yìí wò. Ní New York, wọ́n fi í sínú òfin ọgbà ní ọdún 2007 pé, láwọn apá kan nínú àwọn ọgbà bíi Prospect Park, èèyàn lè tú ajá rẹ̀ sílẹ̀ kí aago 9 àárọ̀ tó lù àti lẹ́yìn aago 9 alẹ́. Láàárín méjì, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ajá náà, ajá kò sì gbọdọ̀ dé ibi ìṣeré ọmọdé nígbà kankan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2014 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti yọ ajá kúrò níbi ìṣeré ọmọdé, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé ẹni tó fi ìgbẹ́ ajá rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òfin tí òyìnbó ń pa mọ́, àwọn èèyàn wa kò ní pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pa á mọ́, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbi tójú ti lè rí i, ìtanràn rẹ̀ sì dájú. Ọgbà tó ní géètì àti ẹ̀ṣọ́ rọrùn láti ṣọ́ ju òpópónà lọ. Àwọn Mùsùlùmí náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ tiwọn: ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé bí itọ́ ajá bá kan aṣọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó kírun. Ọgbà tí a kò pín ló ń fa ìyẹn; èyí tí a fi wáyà pín, tí wákàtí rẹ̀ sì hàn, yóò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Àwọn tó ń sin ajá lè ní wákàtí àárọ̀ kù díẹ̀ káàtó. Mo gbà, àmọ́ ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni yóò ru ìnira ajá wọn.

Nítorí náà, ẹ fi ọgbà Ndubuisi Kanu ní Aláùsá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wáyà yí ibi ìṣeré ọmọdé ká, kí ajá má dé ibẹ̀ láé. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ti lè tú ajá sílẹ̀ láti aago 6 sí 8 àárọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ wò lẹ́nu géètì, kí ẹ sì rí i pé ọ̀rá ìkógbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ajá. Ẹ gbé ẹ̀rọ omi àti ọṣẹ síbẹ̀, nítorí fífi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibi tí ajá ti bù jẹ fún ìṣẹ́jú 15 ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sáré gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn. Kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tó ju agbára ìjọba Èkó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ kankan tó fara gbá a.