Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Ké Gbàjarè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú ìwé wa yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ènìyàn tí ń fi ẹsẹ̀ rin inú igbó, inú aṣálẹ̀ àti orí òkè fún ìgbádùn, tí wọ́n sì ń mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tí wọn yóò fi ké gbàjarè bí ewu bá dé. Iyàn ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀mí là. Àwọn mìíràn ní ó ń sọ aláìmọ̀kan di aláyà líle, ó sì ń fi ẹ̀mí àwọn tí yóò lọ yọ ọ́ wewu. A ti fetí sí ìhà méjèèjì, a sì ní èrò tiwa, èyí tí a ó sọ láìfi bò.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́. Kò tóbi ju ohun tí a lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa ránṣẹ́ lọ sókè sí àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po. Àwọn wọ̀nyí yóò sọ iṣẹ́ náà kalẹ̀ fún ibùdó kan ní ilẹ̀, ibùdó náà yóò sì fi tó àwọn tí iṣẹ́ ìyọnilẹ́wu wà lọ́wọ́ wọn létí, àti ibi tí ẹni náà wà pẹ̀lú. Cospas-Sarsat ni orúkọ ètò tí ó wà nídìí rẹ̀. Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti ìjọba Sófíẹ́tì ìgbà náà ni wọ́n jùmọ̀ dá a sílẹ̀, ní àkókò tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì kò fẹ́ rí ara wọn sójú rárá. (Ó jọ wá lójú pé igbe ẹni tí ó wà nínú ewu lè mú ọ̀tá méjì jókòó sídìí iṣẹ́ kan.) Ọdún 1982 ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ gòkè lọ, ti àwọn Sófíẹ́tì ni, ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni a sì ti ipa rẹ̀ rí ènìyàn mẹ́ta tí ọkọ̀ òfurufú kékeré wọn já sí British Columbia ní Kánádà. Láti ìgbà náà wá, iye àwọn tí ètò yìí ti ṣe ìrànwọ́ láti yọ, ní òkun, ní òfurufú àti ní ilẹ̀, ti ju 50,000 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú ẹ̀rọ yìí, kí ó kọ́kọ́ rántí iye náà.

Àwọn atukọ̀ òkun àti awakọ̀ òfurufú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo irú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2003 ni ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ máa lò ó jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní 2007 irú mìíràn jáde tí à ń pè ní SPOT, àwọn ènìyàn sì lè yá a lò bí wọn kò bá fẹ́ rà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, àwọn fóònù kan ti lè ké sí sátẹ́láìtì fúnra wọn níbi tí kò sí òpó kankan. Báyìí ni ohun tí ó jẹ́ ti atukọ̀ rí ṣe di ohun àpò gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan tí a kò lè ṣàì sọ ni ti Grand Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Ibẹ̀ kì í ṣe òkè. Ọ̀gbun ni, odò Colorado ni ó gbẹ́ ẹ, jíjìn rẹ̀ sì tó máìlì kan. Ẹni tí ń gun òkè, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé, àárẹ̀ náà yóò sì gbà á níyànjú pé kí ó padà nígbà tí agbára ṣì kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, ìdẹ̀ra ni ó ń pàdé: ẹsẹ̀ ń yá, omi ṣì kún ìgò, oòrùn kò ì tí ì mú. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, ìgbà tí ó bá sì rò ó láti padà sílé ni ìgòkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí gbèsè ni ọ̀gbun náà rí: jíjẹ rẹ̀ rọrùn, sísan rẹ̀ ni ó le.

Ọkùnrin méjì àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjì tí kò tí ì pé ogún ọdún ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ní ọ̀nà líle kan tí à ń pè ní Royal Arch. Wọ́n ti yá ẹ̀rọ SPOT kan dání. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn aṣọ́gbó bẹ̀rẹ̀ sí wá wọn, hẹlikópítà sì rí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ni ó ṣe wọ́n? Ẹ̀rù àìrí omi mu ni ó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí omi kí hẹlikópítà tó dé, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́ ìrànwọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà hẹlikópítà ìjọba ìpínlẹ̀, tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní awò tí a fi ń ríran nínú òkùnkùn, ni a rán lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n bá ni pé omi tí àwọn rí ní iyọ̀ lẹ́nu! Wọ́n fún wọn ní omi mìíràn, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ẹ̀rọ tún ké. Lọ́tẹ̀ yìí a fi hẹlikópítà kó gbogbo wọn jáde. Wọn kò gbà kí a yẹ ara wọn wò. Àwọn aṣọ́gbó sì fi ìwé ẹ̀sùn lé aṣáájú wọn lọ́wọ́ pé ó dá ewu sílẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí wọn ì bá ti ṣe bí kò bá sí ẹ̀rọ náà, ó dáhùn pé àwọn kì bá tí dán ìrìn náà wò rárá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí. Ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ẹ̀rín. Ìdáhùn náà ni ó ba àwa lẹ́rù, nítorí òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Kì í ṣe pé ewu dé tí ó wá rántí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni ó mú un dé ibi tí ewu wà. Ó ti ka á mọ́ okun àti ìmọ̀ tí kò ní. Ǹjẹ́ àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò ha ti rí irú èyí rí bí? Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìdáhùn ìṣirò wà lẹ́yìn ìwé a máa kọjú sí ìṣirò tí kò yé e láìbẹ̀rù, olùkọ́ a sì máa yìn ín fún ìgboyà, títí di ọjọ́ ìdánwò tí a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí olùkọ́ tí yóò ya ojú ìwé ìdáhùn náà dànù, nítorí ó wúlò púpọ̀ fún ọmọ tí ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun mìíràn tí àwọn tí ń tẹ ẹ̀rọ náà ń gbàgbé ni pé ènìyàn ni wọ́n ń pè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jáde lọ kì í gba owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni wọ́n ń gun òkè lọ wá ẹni tí ó sọnù: wọn a fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, wọn a fi ibùsùn sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́ wọn a sì lọ síbi iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, ní òkè ìtòsí Santa Fe ní New Mexico, ẹnìkan tí ó sọnù fi fóònù ké pe àwọn ọlọ́pàá. Hẹlikópítà wọn lọ, ó sì gbé e. Ṣùgbọ́n òkùnkùn àti ojú ọjọ́ búburú ká wọn mọ́ ibẹ̀, ọkọ̀ náà kọlu òkè, awakọ̀ àti ẹni tí ó lọ yọ sì kú. Ọlọ́pàá kejì nìkan ni ó yè é, pẹ̀lú ọgbẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, lórí Mount Rainier, Nick Hall tí í ṣe aṣọ́gbó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ó sì kú, níbi tí ó ti ń ran àwọn agunkè lọ́wọ́. A kò mú ìtàn méjèèjì wá láti dẹ́bi fún àwọn tí ó ké, nítorí ọ̀ràn tiwọn jẹ́ ọ̀ràn tòótọ́. Ohun tí a ń wí ni pé afẹ́fẹ́ àti yìnyín kì í béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ni ó ń lọ gbé, tàbí ẹni tí omi kò dùn mọ́ lẹ́nu.

Kí ni kí a wá ṣe? Ìmọ̀ràn tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kí a máa gba owó. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, òfin fi àyè sílẹ̀ láti gba owó ìyọnilẹ́wu lọ́wọ́ ẹni tí ó hùwà àìbìkítà. Láti 2015 ni wọ́n sì ti gbé káàdì kan jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 25 fún ènìyàn kan, tí ẹni tí ó bá rà á kò ní san irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí àìbìkítà lásán. A mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìhà àwọn agbonilẹ́wu fúnra wọn ni àwa wà, nítorí Mountain Rescue Association, ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀ pé kí a máa ta ìgbàlà fún ẹni tí ó wà nínú ewu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tí ó ṣìnà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, bí ó bá ń ronú nípa owó tí yóò san, yóò sọ pé, “Jẹ́ kí n tún gbìyànjú díẹ̀ sí i.” Yóò gbìyànjú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ara rẹ̀ yóò tutù, yóò sì wá ké ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí wíwá rẹ̀ le fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gàn a máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn tí ń fi aláìgbọ́n Grand Canyon ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́, ẹni tí ìtìjú yóò dí lẹ́nu ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ké.

Níti ẹni tí a ti kìlọ̀ fún tí ó tún pe ni lẹ́ẹ̀kẹta, òun ti kúrò nínú aláìmọ̀kan. Ìwé ẹ̀sùn tí a fún un tọ́ sí i, àánú rẹ̀ kò sì ṣe wá.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yìí pátápátá, kí wọ́n gbọ́ ti òkè Mount Washington, ní New Hampshire kan náà. Òkè náà kò ga púpọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6,288 péré, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti wọn afẹ́fẹ́ tí ó ń sáré máìlì 231 láàárín wákàtí kan, ní April 12, 1934. Ní oṣù kejì ọdún 2015, obìnrin kan tí ó lágbára, tí kì í ṣe àjèjì sí orí òkè, dá nìkan lọ sí àárín àwọn òkè ibẹ̀ nígbà òtútù. Ó ní ẹ̀rọ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ké, a sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ń tọ́ka sí kò dúró lójú kan, àwọn agbonilẹ́wu sì jáde lóru sínú afẹ́fẹ́ tí ń gbé ènìyàn ṣubú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i, ó ti kú. Ẹnu ni ẹ̀rọ náà jẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Kò lè dáná, kò lè bo ni láṣọ, wákàtí tí ó sì wà láàárín ìgbà tí ẹnu ké àti ìgbà tí ọwọ́ dé, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò fi ohun tí ó gbé wá àti ohun tí ó mọ̀ là á já.

Àtúnṣe kan ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ̀ ju igbe kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò lè sọ bóyá ejò ni tàbí òùngbẹ. Àwọn tuntun mìíràn lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì lè gba èsì, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọkùnrin Grand Canyon ì bá ti wí ní alẹ́ àkọ́kọ́ pé, “A ti rí omi,” hẹlikópítà kì bá sì jáde. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tuntun ní àṣejù tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, àwọn fóònù tí a kọ́ láti mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ń fúnra wọn pe àwọn agbonilẹ́wu ní Colorado, nítorí pé olówó wọn ṣubú díẹ̀ níbi eré orí yìnyín, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ láìmọ̀ pé a ti ń wá òun.

Níti àwa, bí a bá ní àṣẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń yá ènìyàn ní ẹ̀rọ náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó sọ fún un pé kí ó tó gba owó, kí ó bi oníbàárà rẹ̀ ní ìbéèrè kan: “Bí n kò bá yá ọ ní ẹ̀rọ yìí, ìwọ yóò ha lọ bí?” Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun yóò lọ, tí ó sì lè sọ ibi tí omi wà lójú ọ̀nà náà àti ọjọ́ tí òun yóò dé, kí ó fún un, kí ó sì kọ orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun kì yóò lọ, kí ó fi ọ̀nà tí ó gba etí ọ̀gbun hàn án, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí ènìyàn ti lè dúró wo gbogbo ẹwà ibẹ̀ láti òkè, kí ó sì padà sílé jẹun alẹ́.